Áàpù ilé-iṣẹ́: native, Flutter, React Native, àbí ìkànnì lásán? Ẹ bá wa dá sí i

Alábòójútó_Iṣẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ ṣe áàpù méjì. Ti àwọn oníbàárà ni àkọ́kọ́: wọ́n á wọlé, wọ́n á rí ọjà, wọ́n á sanwó, wọ́n á sì máa wo ibi tí ẹrù wọn dé. Èkejì jẹ́ ti àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbé ẹrù lọ fún wọn: wọ́n á máa fi kámẹ́rà ka bákóòdù, wọ́n á ya fọ́tò ẹrù, wọ́n á gba ìbuwọ́lù lójú fóònù, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í sì í dúró sójú kan níbi tí wọ́n ń lọ. Ẹni mẹ́ta ló máa kọ kóòdù, JavaScript ni wọ́n mọ̀ jù. Android àti iPhone la ní lọ́kàn. Ẹnìkan ní Flutter, ẹnìkan ní React Native, ẹnìkan ní ìkànnì lásán ti tó. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ká fi yàn?

Àgbà_Kóòdù

Ẹ fi orúkọ irinṣẹ́ sílẹ̀ ná. Ẹ mú ìwé kan, kí ẹ kọ gbogbo ohun tí áàpù kọ̀ọ̀kan máa béèrè lọ́wọ́ fóònù fúnra rẹ̀ sí i: kámẹ́rà, ibi tí fóònù wà, Bluetooth, NFC (tí fóònù fi ń bá ohun tó wà nítòsí gan-an sọ̀rọ̀), ìfitónilétí, iṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ máa lọ lábẹ́lẹ̀ nígbà tí wọ́n ti ki fóònù bọ àpò, dátà tó gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ nígbà tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹ kọ "dandan" tàbí "bó bá wà, ó dáa" sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn "dandan" yẹn ló máa yọ ọ̀nà tí kò ṣeé gbà kúrò. Nínú èyí tó bá ṣẹ́ kù ni kí ẹ wá fi ìmọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ yín àti owó yín yàn.

Àwọn ọ̀nà náà nìyí ní ṣókí. Native ni kí a kọ ti Android ní Kotlin, kí a kọ ti iPhone ní Swift. Kò sí ohun tí fóònù lè ṣe tí ọwọ́ yín kò ní tó, ọjọ́ tí Apple tàbí Google bá sì gbé nǹkan tuntun jáde lẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Àmọ́ kóòdù méjì ni. Àṣìṣe kan, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ máa wá a, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ máa tún un ṣe, ẹni mẹ́ta yín á sì pín sọ́nà méjì.

Flutter àti React Native ń jẹ́ kí kóòdù kan ṣiṣẹ́ lórí méjèèjì. Flutter, ti Google, èdè Dart ni wọ́n fi ń kọ ọ́, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń ya gbogbo bọ́tìnnì àti ọ̀rọ̀ tó hàn lójú fóònù. React Native, tí Facebook gbé jáde ní 2015, JavaScript tàbí TypeScript ni, bọ́tìnnì fóònù gan-an ló sì máa ń pè jáde. Kotlin Multiplatform ti JetBrains tún wà: ìṣirò, ìpamọ́ dátà àti bí áàpù ṣe ń bá server (kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tó ń gba dátà) sọ̀rọ̀ á jẹ́ ọ̀kan náà, ẹ sì lè kọ ojú áàpù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Oṣù Kọkànlá 2023 ni wọ́n kéde pé ó ti dúró dáadáa. Lẹ́yìn ìwọ̀nyí ni ìkànnì tí a gbé wọ inú èèpo áàpù, bíi Capacitor, àti ìkànnì tí ẹni tó ń lò ó fi sójú fóònù rẹ̀ láìgba Play Store tàbí App Store kọjá, tí wọ́n ń pè ní PWA.

Áàpù méjì ni tiyín o. Kò pọn dandan kí ọ̀nà kan náà bá méjèèjì mu.

Ojú_Ìkànnì

Ẹni tó ní ìkànnì lásán ti tó kò parọ́ tó bá jẹ́ ti oníbàárà ló ń sọ. Ìkànnì ń fi ọjà hàn, ó ń gba owó, ó ń fi ibi tí ẹrù dé hàn, àtúnṣe rẹ̀ kò sì nílò àṣẹ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ibi tó kù sí lórí iPhone. Ìfitónilétí látinú ìkànnì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iOS 16.4, ní oṣù Kẹta 2023, ẹni tó bá sì ti fi ìkànnì náà sójú fóònù rẹ̀ nípasẹ̀ "Add to Home Screen" nìkan ló máa rí i gbà. Ọ̀pọ̀ oníbàárà kò mọ̀ pé bọ́tìnnì yẹn wà. Ẹ̀yin lẹ máa fi àwòrán hàn wọ́n. Safari, aṣàwákiri iPhone, kò gbà kí ìkànnì lo Bluetooth tàbí NFC, kò sì gbà kí ìkànnì máa fi dátà ránṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti pa á dé. Bí ẹnìkan bá lo Safari fún ọjọ́ 7 láìfọwọ́ kan ìkànnì yín, gbogbo dátà tí JavaScript yín tọ́jú síbẹ̀ á pa rẹ́. Èyí tí wọ́n ti fi sójú fóònù ló bọ́ lọ́wọ́ òfin náà.

Fún áàpù òṣìṣẹ́, ẹ má dán an wò. Fọ́tò àti ìbuwọ́lù tó pa rẹ́ kó tó dé server, ta ló máa jẹ gbèsè rẹ̀?

Àgbà_Kóòdù

Mo fara mọ́ ọn. Ẹ má sì rò pé ẹ lè fi èèpo bo ìkànnì yẹn kan náà kí ẹ gbé e lọ App Store. Òfin 4.2 ti Apple wà fún irú rẹ̀: áàpù tí kò ju ìkànnì tí a wé lọ, wọ́n á dá a padà. Ó gbọ́dọ̀ ní ohun kan tí ìkànnì kò ní, kó sì máa ṣí nígbà tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ojú funfun gbalaja ní ipò ọkọ̀ òfuurufú máa ń ta wọ́n lójú gan-an.

Òṣìṣẹ́_React

Ẹni mẹ́ta, JavaScript: React Native ni, pẹ̀lú Expo, àkójọ irinṣẹ́ tó ń mú iṣẹ́ rẹ̀ rọrùn. Kò yẹ kó pẹ́ ẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn nǹkan tó máa ń da ẹni tó ń bọ̀ látinú ìkànnì láàmú nìyí:

Expo Go, áàpù tó ń ṣí kóòdù yín lójú fóònù kíákíá, wà fún ìdánwò kékeré. Gbàrà tí ẹ bá fẹ́ plugin (kóòdù ẹlòmíràn tí ẹ fi kún tiyín) tó ní kóòdù native nínú tí Expo Go kò gbé dání, kò ní ṣiṣẹ́, ẹ ó sì rò pé plugin ló bàjẹ́. Láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti ṣe development build, ẹ̀dà ìdánwò áàpù tiyín (`npx expo run:android`, tàbí EAS Build, tó ń kọ́ áàpù lórí kọ̀ǹpútà Expo, fún ti iPhone tí ẹ kò bá ní Mac, torí Mac nìkan ni Xcode, irinṣẹ́ Apple fún kíkọ́ áàpù, ń gbé).

Láti 0.76, ní 2024, ni New Architecture, ìtò inú tuntun fún bí JavaScript ṣe ń bá fóònù sọ̀rọ̀, ti di ohun tó ń bá React Native wá fúnra rẹ̀. Plugin àtijọ́ tí kò bá a mu ṣì pọ̀ nílẹ̀. Kí ẹ tó fi èyíkéyìí kún un, ẹ wò ó nínú React Native Directory bóyá wọ́n ti fi àmì sí i pé ó gbà á, kí ẹ sì wo ìgbà tí wọ́n fọwọ́ kàn án kẹ́yìn. Plugin tí ọdún kan ti kọjá lórí rẹ̀ láìsí ìyípadà kankan, ẹ ka kóòdù rẹ̀, ẹ bi ara yín bóyá ẹ lè tọ́jú rẹ̀ fúnra yín. Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ wá òmíràn.

Dart_Ni_Tèmi

Ẹ̀gbọ́n mi Òṣìṣẹ́_React, ẹ ò sọ èyí tó kù. Dart kò le fún ẹni tó ti mọ TypeScript. Ojú áàpù Flutter kì í yí padà torí pé Android tuntun dé tàbí torí pé ilé-iṣẹ́ kan tún bọ́tìnnì fóònù tirẹ̀ yà, nítorí òun ló ń ya ohun gbogbo. Bí ilé-iṣẹ́ bá ní àwọ̀ àti ìrísí tirẹ̀ tó fẹ́ kó dọ́gba níbi gbogbo, èrè ńlá nìyẹn. Mo gbà pé ó ní ìdíyelé: ohun tí Apple bá tún yà, ẹ ó dúró kí Flutter náà yà á.

Alábòójútó_Iṣẹ́, ẹ má ṣèlérí fún ọ̀gá yín pé kóòdù kan ló máa ṣe gbogbo ẹ̀. Widget ojú iPhone àti Live Activities, tí wọ́n fi ń fi ibi tí ẹrù dé hàn láìṣí áàpù, SwiftUI, irinṣẹ́ Apple fún yíya ojú áàpù ní Swift, ló wà nídìí wọn, ì báà jẹ́ Flutter ì báà jẹ́ React Native lẹ lò.

Òṣìṣẹ́_React

Àbúrò, òótọ́ ni gbogbo ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni mẹ́ta tó mọ JavaScript ṣì ni wọ́n 😄

Láìsí_Nẹ́tíwọ́ọ̀kì

Ẹ ti ń jà lórí ojú áàpù. Inú áàpù òṣìṣẹ́ ni iṣẹ́ wà, bí ẹ bá sì ṣe é kù díẹ̀ káàtó, kò sí irinṣẹ́ tó máa gbà yín. Bí ó ṣe yẹ kó rí nìyí.

Gbogbo ohun tí òṣìṣẹ́ bá ṣe, inú SQLite (ibi ìpamọ́ dátà) tó wà lórí fóònù ni kó kọ́kọ́ wọ̀, kí ojú áàpù sì máa ka látinú rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí bọ́tìnnì "Mo ti fi jíṣẹ́" dúró de server. Ẹ ṣe tábìlì kan tó máa jẹ́ àpótí ohun tó ń lọ: nọ́ńbà ìdánimọ̀, irú iṣẹ́, ohun tó wà nínú rẹ̀, àkókò, iye ìgbà tó ti gbìyànjú, àṣìṣe tó rí kẹ́yìn. Fóònù ni kó ṣe nọ́ńbà ìdánimọ̀ yẹn fúnra rẹ̀, ní UUID (nọ́ńbà gígùn tí kò ní jọ òmíràn), kí server sì kọ̀ láti gba ọ̀kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ìdí ni pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè já lẹ́yìn tí server ti gbà á ṣùgbọ́n kí ìdáhùn tó dé fóònù. Fóònù á tún un rán. Láìsí nọ́ńbà yẹn, ẹrù kan á di èyí tí wọ́n fi jíṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Fọ́tò, ẹ yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àkọsílẹ̀. Ẹ dín in kù lórí fóònù, 1600 pixel lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó gùn jù tó fún ẹ̀rí, kí àkọsílẹ̀ lọ ṣáájú, kí fọ́tò tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá so wọ́n pọ̀, fọ́tò kan tó kọ̀ láti lọ á dí gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ́nà. Kí àmì kan sì wà lójú áàpù tí òṣìṣẹ́ á máa rí: "3 kò tíì lọ". Wọn á bi yín pé kí la fẹ́ fi í ṣe. Ọjọ́ tí fóònù bá sọnù lẹ ó mọ̀.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé iṣẹ́ abẹ́lẹ̀. WorkManager ti Android, tó ń ṣètò iṣẹ́ abẹ́lẹ̀, kò gbà kí àlàfo iṣẹ́ àṣetúnṣe kéré sí ìṣẹ́jú 15, àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù kan sì máa ń pa áàpù láti fi bátìrì pamọ́. Lórí iPhone, ẹ lè béèrè, iOS ló máa pinnu ìgbà tó máa fún yín láyè, ó sì lè má fún yín rárá. Nítorí náà, ẹ máa fi ránṣẹ́ ní ìgbà mẹ́ta: bí wọ́n bá ṣí áàpù, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá padà dé nígbà tí áàpù wà lójú, àti lẹ́yìn gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n bá parí. Kí ti abẹ́lẹ̀ jẹ́ àfikún.

Bákóòdù náà ní ìdẹkùn tirẹ̀. ML Kit ti Google, kóòdù tó ń ka bákóòdù, ni ọ̀pọ̀ plugin ń lò lórí Android, oríṣi méjì ló sì wà. Ọ̀kan gbé gbogbo ohun tó nílò sínú áàpù yín, tó máa fi nǹkan bíi 2.4 MB kún un. Èkejì kéré gan-an, ṣùgbọ́n ó máa ń wa èyí tó kù wálẹ̀ nípasẹ̀ Google Play services. Bí òṣìṣẹ́ bá gba fóònù tuntun, tó jáde lọ síbi tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kó tó kà bákóòdù kankan, kámẹ́rà á ṣí, kò ní ka nǹkan kan, kò sì ní sọ ìdí. Àkọ́kọ́ ni kí ẹ mú. Kí ẹ sì dárúkọ irú bákóòdù tí ẹ ń lò fún un, bíi Code 128 tàbí QR nìkan. Bí ó bá ń wá gbogbo irú, ó máa ń falẹ̀.

Alábòójútó_Iṣẹ́

Háà, ẹ ṣeun púpọ̀. Báwo la ṣe máa mọ̀ kí owó tó wọlé pé ọ̀nà tí a yàn máa gbé e?

Aládàánwò

Ọ̀sẹ̀ méjì, ẹni méjì. Ẹ má kọ ojú ìwọlé, ẹ má kọ ojú ètò, gbogbo irinṣẹ́ ló mọ ìyẹn ṣe. Ẹ kọ ohun kan tó le jù: ka bákóòdù, ya fọ́tò, gba ìbuwọ́lù, tọ́jú láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, fi ránṣẹ́ nígbà tó bá dé. Lẹ́yìn náà kí ẹ fìyà jẹ ẹ́:

- Ẹ fi fóònù sí ipò ọkọ̀ òfuurufú láàárín ìgbà tó ń fi ránṣẹ́, kí ẹ tún ṣí i.
- Ẹ pa áàpù tipátipá gẹ́lẹ́ tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì ìtọ́jú. Ṣé iṣẹ́ náà ṣì wà?
- Ẹ kọ̀ fún un láti lo kámẹ́rà, kí ẹ wo ohun tó máa sọ. Ọ̀pọ̀ áàpù á kàn dúró sójú dúdú.
- Ẹ fi ọjọ́ fóònù sẹ́yìn. Bí ẹ bá fi aago fóònù to iṣẹ́, ẹ ó rí i tó dàrú.
- Ẹ kún ibi ìpamọ́ fóònù títí kò fi sí àyè, kí ẹ wá ya fọ́tò.
- Ẹ ka bákóòdù tó ti họ, tó ti rọ̀, nínú òkùnkùn.

Fóònù tí ẹ máa fi dán an wò ṣe pàtàkì ju irinṣẹ́ lọ: Android olówó pọ́ọ́kú kan tí RAM rẹ̀ jẹ́ 2 tàbí 3 GB, àti iPhone tó gbó jù tí ẹ fẹ́ ṣètìlẹ́yìn fún. Kí ẹ má sì wọn bó ṣe yá tó nínú ẹ̀dà debug, èyí tí a fi ń wá àṣìṣe. Debug Flutter àti ti React Native máa ń wọ́ nílẹ̀, àwọn èèyàn a sì dá irinṣẹ́ lẹ́bi lásán. `flutter run --profile` lórí fóònù gidi, tàbí `npx expo run:android --variant release`, ni kí ẹ lò. Àwòrán kan lójú fóònù tó ń yí ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá ní nǹkan bíi mílíìsẹ́kọ́ńdì 16. Bí ìtò ọjà yín bá ń kọjá ìyẹn nígbà tí wọ́n ń fà á, ojú á rí i.

Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá parí tí apá yẹn kò tíì dúró, ẹ yí ọ̀nà padà nígbà yẹn. Owó tó máa ná yín kò tíì pọ̀ nígbà yẹn.

Akọ̀wé_Àṣẹ

Ẹ jẹ́ kí n fi ti Play Store àti App Store kún un, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ tó ti parí máa ń há sí.

Apple ń gba dọ́là 99 lọ́dọọdún, Google Play dọ́là 25 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Orúkọ ilé-iṣẹ́ ni kí ẹ fi ṣí méjèèjì, kì í ṣe orúkọ ẹni tó ń kọ kóòdù. Ẹ ó nílò nọ́ńbà D-U-N-S (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ilé-iṣẹ́ tí Dun & Bradstreet ń fúnni), ó sì lè pẹ́ kó tó jáde, torí náà ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fi orúkọ ara rẹ̀ ṣí Google Play lẹ́yìn 13 oṣù Kọkànlá 2023, ó gbọ́dọ̀ rí ẹni 12 tó máa dán áàpù náà wò fún ọjọ́ 14 gbáko kó tó lè gbé e jáde fún gbogbo èèyàn. Ti ilé-iṣẹ́ kò sí nínú òfin yẹn.

Ẹrù tí èèyàn lè fọwọ́ kàn lẹ ń tà, nítorí náà ọ̀nà ìsanwó tiyín lẹ máa lò, kì í ṣe ti Apple. Bí oníbàárà bá lè ṣí àkántì nínú áàpù, ó gbọ́dọ̀ lè pa á rẹ́ níbẹ̀ pẹ̀lú. Google tún fẹ́ ojú ìwé kan lórí ìkànnì fún un. Bí ẹ bá ń tọpa ibi tí òṣìṣẹ́ wà nígbà tí áàpù wà ní pípa dé, Google á béèrè àlàyé àti fídíò. Ẹ wò ó dáadáa bóyá ẹ nílò rẹ̀.

Áàpù òṣìṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ wà níta gbangba rárá. Managed Google Play ń gbé e fún ilé-iṣẹ́ yín nìkan, ti iPhone ni Custom App nípasẹ̀ Apple Business Manager. Ẹ má sáré lọ sí Apple Developer Enterprise Program tó jẹ́ dọ́là 299 lọ́dún: ilé-iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 100 ó kéré tán ni wọ́n ń gbà, wọ́n sì ń yẹ ìdí rẹ̀ wò.

Kí owó ìtọ́jú sì wà nínú ètò. Láti 31 oṣù Kẹjọ 2025, áàpù tuntun àti àtúnṣe lórí Play Store gbọ́dọ̀ dojú kọ Android 15 ó kéré tán (kí a kọ ọ́ ní ìbámu pẹ̀lú òfin rẹ̀), irú gbèdéke bẹ́ẹ̀ sì ń padà wá lọ́dọọdún. Láti 1 oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, èyí tó bá dojú kọ Android 15 tàbí èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ lè ṣiṣẹ́ lórí fóònù tí ojú ewé mẹ́mòrì rẹ̀ (ìwọ̀n tó fi ń pín mẹ́mòrì) jẹ́ 16 KB. Ẹni tí kóòdù rẹ̀ jẹ́ Kotlin nìkan lè má mọ̀ ọ́n lára. Plugin tó gbé faili .so (kóòdù native tí wọ́n ti kọ́ sílẹ̀) àtijọ́ dání ni wọ́n á fi dá áàpù yín padà, ẹ kò sì lè tún un ṣe fúnra yín bí ẹni tó ni ín bá ti lọ.

Òṣìṣẹ́_React

Àfikún lórí àtúnṣe. Pẹ̀lú EAS Update, ẹ lè rán JavaScript tuntun sí fóònù láìdúró de Apple. Kóòdù native kò lè gba ibẹ̀, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ fi yí ohun tí áàpù wà fún padà. Ibi tó máa ń já sí: wọ́n fi plugin tuntun kún un, wọn kò yí `runtimeVersion` (nọ́ńbà tó ń sọ ẹ̀dà áàpù tí JavaScript náà bá mu) padà, JavaScript tuntun wá dé sórí ẹ̀dà àtijọ́ tí kò ní plugin náà, gbogbo áàpù á sì máa kú ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó wà lórí "fingerprint", kó lè máa yí padà fúnra rẹ̀ bí kóòdù native bá yí padà. Àwọn tí ìwé ìtọ́sọ́nà wọn ṣì ń dárúkọ CodePush, ọ̀nà Microsoft fún irú àtúnṣe yìí, lórí App Center, Microsoft ti pa App Center dé ní 31 oṣù Kẹta 2025.

Dart_Ni_Tèmi

Ì báà jẹ́ èwo lẹ yàn, kí server máa sọ ẹ̀dà tó kéré jù tó ṣì gbà, kí áàpù sì máa béèrè nígbà tó bá ṣí. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti fi í sí. Bí ẹ bá gbàgbé, àwọn tó ní ẹ̀dà yẹn, ẹ kò ní ọ̀nà láti bá wọn sọ̀rọ̀ mọ́.

Alábòójútó_Iṣẹ́

Ìbéèrè kan péré ló kù. Ilé-iṣẹ́ ló máa ra fóònù fún àwọn òṣìṣẹ́. Ṣé ìyẹn yí nǹkan padà?

Àgbà_Kóòdù

Ó yí i padà pátápátá, ó yẹ kí ẹ ti sọ ọ́ látòkè! Bí ẹ̀yin lẹ ń ra fóònù, áàpù òṣìṣẹ́ kò ní ìdí láti wà lórí iPhone. Ẹ ra irú Android kan ṣoṣo, kí ẹ béèrè iye ọdún tí wọ́n á fi máa rí àtúnṣe ààbò gbà, kí ẹ fi wọ́n sábẹ́ Android Enterprise, ètò Google fún ìṣàkóso fóònù ilé-iṣẹ́, gẹ́gẹ́ bíi fóònù iṣẹ́ nìkan. Ẹ ó lè yọ áàpù yín kúrò lára àwọn tí bátìrì ń pa, ẹ ó mọ kámẹ́rà tí ẹ ń bá lò, ẹ ó sì lè nu fóònù tó sọnù láti ọ̀nà jíjìn. Ìdajì ohun tí Láìsí_Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń bẹ̀rù ti lọ nìyẹn.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọwọ́. React Native fún áàpù òṣìṣẹ́ lórí Android nìkan, torí ẹni mẹ́ta yín. Bí ẹ bá rí ẹnìkan tó mọ Kotlin dáadáa gbà, native ni kí ẹ ṣe é, torí kóòdù kejì tí a ń sá fún kò sí mọ́. Ti oníbàárà, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìkànnì tó dára lójú fóònù, kí ẹ wo iye àwọn tó ń padà wá, kí ẹ tó pinnu lórí áàpù.

Láìsí_Nẹ́tíwọ́ọ̀kì

Ìdajì kọ́, bóyá ìdá kan nínú mẹ́ta. Nọ́ńbà UUID yẹn ṣì dandan.